Jíìpù, Máàkì, Ìm̀pálà: Ọkọ̀ Amẹ́ríkà Lẹ́nu Àwa Ẹ̀gbá

Bí ẹnìkan bá sọ ní Abẹ́òkúta pé ẹ̀gbọ́n òun ra jíìpù, kò sẹ́ni tó máa bi í bóyá ilé-iṣẹ́ Jeep ló ṣe ọkọ̀ náà. Ó lè jẹ́ Toyota, ó lè jẹ́ Lexus, ó lè jẹ́ Kia. Bí ọkọ̀ bá ti ga nílẹ̀, tí ara rẹ̀ sì tóbi, jíìpù ni. Báyìí ni orúkọ ọkọ̀ ogun kan tí Amẹ́ríkà ṣe ní 1941 ṣe di ọ̀rọ̀ orúkọ lásán nínú èdè Yorùbá, tó fi jẹ́ pé ọ̀pọ̀ àwa tí à ń pè é kò mọ̀ pé ọkọ̀ Amẹ́ríkà àtijọ́ là ń dárúkọ lójoojúmọ́.

Irú ọ̀rọ̀ báyìí ni mò ń ṣà jọ láti ọdún tó kọjá fún iṣẹ́ àpilẹ̀kọ tí màá fi kẹ́kọ̀ọ́ jáde. Ọ̀rọ̀ àyálò àwọn mẹkáníìkì àti awakọ̀ nílẹ̀ Ẹ̀gbá ni iṣẹ́ náà dá lé. Ọkọ̀ Amẹ́ríkà àtijọ́ tó kù láàrin wa kò pọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n orúkọ wọn ṣì ń sọ ẹni tó kó wọn dé, ẹni tó kọ́ wa níṣẹ́ wọn, àti ojú tí a fi ń wò wọ́n. Ojú tí a fi ń wò wọ́n yìí, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe rí i, wà lára ohun tó ń pinnu èyí tó máa wà nílẹ̀ àti èyí tí wọ́n máa gé ta fún àwọn tó ń yọ́ irin.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rọ̀ tí a ti ní nílé kí mọ́tò tó dé. Orí omi ni ọkọ̀ wà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ojú irin tó gba Abẹ́òkúta kọjá ṣí dé Ìbàdàn ní 1901, a ti ń pè é ní ọkọ̀ ojú irin. Nígbà tí bàálù dé, ó di ọkọ̀ òfurufú. Mọ́tò kékeré tí olówó ń gùn ni a wá sọ ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Ẹ tú u wò: àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ a-, ọ̀rọ̀ ìṣe yọ́, àti kẹ́lẹ́. Ohun tó ń yọ́ rìn láìpariwo. Ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ yìí ti gbọ́ ariwo ọkọ̀ ojú irin àti ti lọ́rì, ó sì fi etí wé wọn. (Ẹnikẹ́ni tó bá ti dúró ti Chevrolet onísìlíńdà mẹ́jọ tí sàláńsà rẹ̀ ti jẹrà máa mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ayọ́kẹ́lẹ́ ló ń yọ́ kẹ́lẹ́.)

Ọkọ̀ Amẹ́ríkà tètè dé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ford Model T, tí wọ́n ṣe láti 1908 títí di 1927, tí iye rẹ̀ sì lé ní mílíọ̀nù 15, fúyẹ́ ju ọ̀pọ̀ lọ́rì ilẹ̀ Yúróòpù lọ. Lórí ọ̀nà oníyẹ̀pẹ̀ pupa, tí òjò kan lè sọ di ẹrọ̀fọ̀, ọkọ̀ tó fúyẹ́ ló ń dé ibi tó ń lọ. Ìdí nìyẹn tí lọ́rì Ford àti ti Chevrolet fi gba ojú ọ̀nà lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní. Ní Abẹ́òkúta tiwa, ní 1936, ìdílé Ransome-Kuti ra ọkọ̀ kan tí wọ́n ti lò rí ní ìlú Ọba kí wọ́n tó fi ọkọ̀ ojú omi gbé e wá, Olóyè Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti sì di obìnrin àkọ́kọ́ tó wakọ̀ ní ìlú náà. Lóde òní, tòkunbọ̀ là bá pè é. Ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ yẹn náà: orúkọ ọmọ tí wọ́n bí sókè òkun ni, ti-òkun-bọ̀, kí a tó yá a fún ọkọ̀. A fi orúkọ ọmọ ènìyàn pe irin.

Bọ́lẹ̀kájà wá ńkọ́? Gbogbo wa mọ̀ pé odindi gbólóhùn ló di ọ̀rọ̀ orúkọ níbẹ̀: bọ́ sílẹ̀ kí á jà. Ṣùgbọ́n Bedford, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ mọ́ orúkọ yìí, ní ìtàn tó ya èmi fúnra mi lẹ́nu. Vauxhall ni ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe Bedford ní Luton, àwọn General Motors ti Amẹ́ríkà sì ti ra Vauxhall láti 1925. Lọ́rì Chevrolet ni wọ́n ń tò níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìgbà tó di 1931 ni wọ́n gbé orúkọ Bedford jáde. Nítorí náà bọ́lẹ̀kájà tí àwọn bàbá wa rò pé ti Òyìnbó ìlú Ọba ni, ọmọ Chevrolet ni. Igi tí a fi kan ara rẹ̀ nìkan ló jẹ́ tiwa pátápátá, igi náà la sì ń kọ ọ̀rọ̀ sí.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ohun tí ahọ́n wa ṣe sí àwọn orúkọ wọ̀nyí. Mẹ́ta ni màá mú: Ford, Mack, Jeep. Lẹ́nu wa wọ́n di Fọ́ọ̀dù, Máàkì, jíìpù. Sílébù Yorùbá kì í parí sí kọ́ńsónáǹtì, nítorí náà fáwẹ̀lì kan gbọ́dọ̀ wọlé sí ìparí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Máàkì gba i, torí i ni èdè wa sábà máa ń fi dí irú àlàfo bẹ́ẹ̀. Jíìpù gba u, torí p tó ṣáájú rẹ̀ jẹ́ ìró tí ètè ń lọ́wọ́ sí. Fọ́ọ̀dù náà gba u, torí fáwẹ̀lì ọ ti ká ètè jọ kí a tó dé ibẹ̀. Ẹ fi wé bọ́ọ̀dù àti bọ́ọ̀lù. (Bọ́ọ̀sì ya ìyà tirẹ̀, s ló fà á. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ fún kíláàsì fonọ́lọ́jì.)

Ti ohùn ló dùn mọ́ mi jù. Gẹ̀ẹ́sì kò ní ohùn bíi tiwa, agbára ni wọ́n ń fi pe sílébù kan ju òmíràn lọ. Etí Yorùbá gbọ́ agbára yẹn bí ohùn òkè, ohùn ìsàlẹ̀ sì tẹ̀ lé e: fáwẹ̀lì fà, ó bẹ̀rẹ̀ lókè, ó sì jábọ́. Máàkì, báàgì, kíláàsì, bákan náà ni gbogbo wọn ń jábọ́. Ẹ sọ Máàkì sókè kí ẹ gbọ́ ọ: ó ń dún bí ohun tó wúwo tí ẹnìkan jù sílẹ̀. Èyí kì í ṣe òfin èdè o, èmi ni mo gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Ohun kan tún wà nínú jíìpù tí a kì í fura sí. P wa kì í ṣe p wọn. Àfèjìètèpè ni tiwọn, àfàséfètèpè ni tiwa. Bí ètè ṣe ń pàdé ni ẹ̀yìn ahọ́n ń kan àfàsé. Ọkọ̀ náà ti gba ìwé ọmọ onílùú.

Bí ọ̀rọ̀ bá ti gùn ju sílébù kan lọ, ìtàn máa ń lọ́jú pọ̀. Louis Chevrolet, awakọ̀ eré ìje tí wọ́n bí sí Siwisalandi ní 1878, ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ilé-iṣẹ́ tí òun àti William Durant dá sílẹ̀ ní 1911. Orúkọ Faransé ni, t ìparí rẹ̀ kì í dún, àwọn ará Amẹ́ríkà náà kì í sì í pè é. Ṣùgbọ́n Ṣẹfurolẹ́ẹ̀tì ni mo gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà mẹkáníìkì, t ń dún kedere. Ká ní àfetíyá ni, Ṣẹfurolé là bá gbọ́. Àfojúyá ni: ẹnìkan kà á lára irin, ó pè é bó ṣe rí i, àwọn ọmọ iṣẹ́ sì gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ṣ ìbẹ̀rẹ̀ kò lè ràn wá lọ́wọ́, torí ṣ náà là bá fi pe ch Gẹ̀ẹ́sì, bí a ṣe ṣe é nínú ṣọ́ọ̀ṣì. T yẹn nìkan ni ẹlẹ́rìí. Ó sì jẹ́rìí sí ohun kan tí àwọn ènìyàn kì í fẹ́ gbà: pé àwọn mẹkáníìkì àkọ́kọ́ ń kàwé.

Impala, tó di ọ̀kan nínú ọkọ̀ Chevrolet ní 1958, kò fún ahọ́n wa ní wàhálà kankan. M àkọ́kọ́ rẹ̀ di àrámúpè aṣesílébù, ó sì di ìm̀pálà, láìsí pé a fi fáwẹ̀lì kankan dí àlàfo. Mo wá ìdí rẹ̀, mo sì rí i pé ọ̀rọ̀ Zulu ni: orúkọ ẹranko kan tó jọ àgbọ̀nrín, tó ń gbé ní gúúsù àti ìlà-oòrùn Áfíríkà. Gẹ̀ẹ́sì yá a, Amẹ́ríkà fi sọ ọkọ̀, ọkọ̀ sì gbé e padà wá sí Áfíríkà. Bí ọ̀rọ̀ kan bá wà tó yẹ ká pè ní tòkunbọ̀, òun nìyẹn. Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé àwa fúnra wa fi orúkọ ẹranko sọ Volkswagen, a pè é ní ìjàpá nítorí ẹ̀yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹranko wà nínú Impala láti ilé wá, a ò rí i.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó yí èrò mi padà. Mo rò pé bí ọkọ̀ bá jẹ́ ti Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ ẹ̀yà ara rẹ̀ náà á jẹ́ ti Amẹ́ríkà. Rárá. Ohun tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní hood, bọ́nẹ́ẹ̀tì là ń pè é. Trunk wọn ni búùtù wa. Gas wọn ni pẹtiróòlù wa. Truck wọn ni lọ́rì wa. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, ti ìlú Ọba ni. Ẹni tó ta ọkọ̀ wà ní Detroit, ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́ni níṣẹ́, tó ń fúnni níwèé àṣẹ ìwakọ̀, tó sì ń kọ orúkọ irinṣẹ́ sára àpótí, Gẹ̀ẹ́sì ìlú Ọba ló ń sọ. Nínú Ìm̀pálà kan ṣoṣo, orúkọ ọkọ̀ wá láti ọ̀dọ̀ àwọn Zulu, orúkọ ilé-iṣẹ́ láti Siwisalandi, bọ́nẹ́ẹ̀tì láti Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Ìjọba tó wà lórí ilẹ̀ ló ń pinnu ọ̀rọ̀ tí a ń yá, kì í ṣe ọjà tí a ń rà.

Ìjọba tiwa náà ṣe tirẹ̀. Títí di 1972, apá òsì ọ̀nà là ń gbà wakọ̀ ní Nàìjíríà bíi ti ìlú Ọba. Ní 2 Oṣù Kẹrin ọdún náà, a bọ́ sí apá ọ̀tún. Ọkọ̀ Amẹ́ríkà tí sitiári rẹ̀ wà lọ́wọ́ òsì, tó ti ń dà bí àlejò lójú ọ̀nà, wá bá ilé pàdé. Owó epo rọ̀bì sì dé. Ṣùgbọ́n ní 1975 Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Kàdúná, Volkswagen bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, Pijó àti Ìjàpá sì gba ìgboro mọ́ àwọn ayọ́kẹ́lẹ́ Amẹ́ríkà lọ́wọ́. Lọ́rì ńlá nìkan ni wọn ò lè lé lọ, ìyẹn Máàkì.

Tí ẹ bá fẹ́ rí ọkọ̀ Amẹ́ríkà àtijọ́ tí wọ́n ṣì fẹ́ràn, tí wọ́n ṣì ń lò nílẹ̀ Ẹ̀gbá, ẹ má wulẹ̀ wá a lọ sí àgbàlá olówó. Ẹ dúró sí ọ̀nà Ewékorò, níbi tí wọ́n ti ń ṣe sìmẹ́ńtì láti 1960, tàbí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta. Máàkì tó dàgbà jù mí lọ dáadáa ń ru òkúta kọjá níbẹ̀. Ajá kékeré kan wà lórí imú rẹ̀. Alfred Masury, tó jẹ́ ọ̀gá onímọ̀ ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ náà, ló gbẹ́ ajá ọ̀hún ní 1932 nígbà tó ń gba ìtọ́jú nílé ìwòsàn. Bí ajá bá ní àwọ̀ wúrà, ó túmọ̀ sí pé ẹ́ńjìnnì, jíà àti ẹ̀yìn ọkọ̀ náà, ti Mack ni gbogbo wọn. Bó bá funfun bíi fàdákà, ẹ̀yà ilé-iṣẹ́ mìíràn ti wọ̀ ọ́. Awakọ̀ kan ní Láfẹ́ńwá ló kọ́kọ́ ṣàlàyé èyí fún mi, inú rẹ̀ sì dùn bí ẹni tó ń ka oríkì bàbá rẹ̀. Ajá tirẹ̀ ti sọnù tipẹ́. Ó ní kò burú, òun mọ àwọ̀ tó ní.

Ní Amẹ́ríkà, wọ́n máa ń sọ pé ọkùnrin tó ki pọ́pọ́ dà bí lọ́rì Mack. Mo ti gbọ́ Máàkì gẹ́gẹ́ bí orúkọ ìnagijẹ lẹ́ẹ̀mejì ní Abẹ́òkúta, fún alápatà kan àti fún agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn kan, bẹ́ẹ̀ ni n kò rò pé èyíkéyìí nínú àwọn tó sọ wọ́n bẹ́ẹ̀ gbọ́ ti Amẹ́ríkà. Irin náà fúnra rẹ̀ ló ń kọ́ àwọn ènìyàn méjèèjì ní àfiwé kan náà.

Ṣé Máàkì ti di ọ̀rọ̀ orúkọ lásán bíi jíìpù? Ọ̀nà kan wà tí a lè fi dán an wò. Nínú àpólà orúkọ Yorùbá, orí ló ń ṣáájú, ẹ̀yán ń tẹ̀ lé e. A lè sọ pé jíìpù Lexus, nítorí jíìpù ti di irú ọkọ̀, Lexus sì ń yán an. Mo bi àwọn awakọ̀ ní Kútọ̀ bóyá ẹnìkan lè sọ pé máàkì DAF. Wọ́n rẹ́rìn-ín mi. Nítorí náà Máàkì ṣì ń jẹ́ orúkọ ara rẹ̀. Síbẹ̀, oní- ti gba àwọn méjèèjì: oníjíìpù, onímáàkì. Ẹ rántí pé oní- máa ń yí padà níwájú fáwẹ̀lì, ọlọ́kọ̀, elépo, ṣùgbọ́n kọ́ńsónáǹtì ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí, kò sì sí ohun tó ń yí i.

Bí a bá sì bi ara wa pé kí ni ọkọ̀ Amẹ́ríkà gan-an, ọ̀rọ̀ á tún lọ́ pọ̀. Volvo ti Suwídìn ló ni Mack láti 2001. Camry tó kún ìgboro wa, tí a ń pè ní ọkọ̀ Japáànù, Georgetown ní ìpínlẹ̀ Kentucky ni wọ́n ti ń ṣe é láti 1988, ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tó ń bọ̀ láti Amẹ́ríkà sì wà lára wọn. Àwọn tó ń tà wọ́n mọ èyí dáadáa.

Ohun tó kù ni orúkọ tí a ń pe ọkọ̀ tó ti gbó, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti dun èmi. Mo to ohun tí mo gbọ́ jọ: àlòkù, ọkọ̀ àtijọ́, mọ́tò jákujàku, kọ́ńdẹ́ẹ̀mù. Àlòkù kò sọ ju pé ẹnìkan ti lò ó rí. Jákujàku ń sọ ìró tó ń ti ara rẹ̀ jáde. Kọ́ńdẹ́ẹ̀mù ni ọ̀rọ̀ àwọn tó ń ti ọmọlanke kiri àdúgbò, tí wọ́n ń ra irin fún àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń yọ́ ọ ní Ògíjo àti Ọ̀tà. Ó ti Gẹ̀ẹ́sì wá, ìdájọ́ sì ni, bíi pé wọ́n ti gbọ́ ẹjọ́ ọkọ̀ náà tán. Nínú gbogbo wọn, kò sí èyí tó ń sọ pé ọkọ̀ kan gbó, ó sì níyì.

Ọkọ̀ Ìm̀pálà kan wà ní ọgbà mẹkáníìkì kan lápá Ọbàntokò. Ẹni tó ni ín ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ti pín sí méjì lórí rẹ̀. Àwọn kan fẹ́ kí wọ́n ta á fún àwọn onírin, èyí kò sì ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu: jálá pẹtiróòlù kan tí kò tó ₦200 ní oṣù karùn-ún 2023 ti dé nǹkan bí ₦1,000 kí 2024 tó parí, ẹ́ńjìnnì onísìlíńdà mẹ́jọ tó ní kabúrétọ̀ kì í sì í mutí níwọ̀n. Bàábà tó ń tọ́jú rẹ̀ bi mí pé iṣẹ́ kí ni mò ń ṣe gan-an. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, orúkọ tí ẹ̀ ń pe àwọn nǹkan ni mò ń kọ sílẹ̀." Ó ní kí n kọ ọ́ pé èyí kì í ṣe kọ́ńdẹ́ẹ̀mù, àgbà ọkọ̀ ni.

Mo kọ ọ́, mo sì rò ó títí mo fi délé. Ọkọ̀ àgbà kọ́ ló sọ o. Bí àgbà bá tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ orúkọ, ọjọ́ orí ló sábà máa ń tọ́ka sí, bíi bàbá àgbà. Bó bá ṣáájú, bíi àgbà akọrin tàbí àgbà awakọ̀, ipò ló ń sọ: ẹni tó ti ṣe é pẹ́, tó sì mọ̀ ọ́n ṣe. Bàbá gbé ọ̀rọ̀ kan síwájú òmíràn, ó sì rí ohun tí àwa ní ẹ̀ka èdè kò tíì rí. N kò tíì bá a nínú ìwé atúmọ̀ èdè kankan. Nígbà tí mo padà lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láti béèrè ọ̀rọ̀ mìíràn, àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ti ń pè é bẹ́ẹ̀, wọ́n á ní kí ẹnìkan lọ mú jáàkì wá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbà ọkọ̀. Wọ́n sì ti fi tapólì bò ó. Àwọn ọmọ olóògbé kò tíì fẹnu kò.

Mo ṣì ń kó ọ̀rọ̀ jọ títí ìparí sẹ́mẹ́sítà yìí. Mo ti ní Pọ́ńtíàkì, Búíìkì àti Kádíláàkì lẹ́nu ènìyàn méjì méjì, ṣùgbọ́n n kò tíì rí ẹni tó lè pe Oldsmobile fún mi lọ́nà tí àwọn àgbà ń gbà pè é. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín, pàápàá ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti jáde, bá ní bàbá tàbí bàbá àgbà tó gun ọ̀kan rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi wọ́n léèrè, kí ẹ sì bá mi fi àmì ohùn sí i.